Iṣan tí ojú ò rí, tó rá wọ inú ẹyinjú mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo máa ń fi lẹ́ńsì sùn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kan mo jí, ojú ọ̀tún ń ta mí bíi pé iyanrìn kún inú ẹ̀, mi ò sì lè wo iná. Dókítà ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ. Egbò wà lórí kọ́níà, awọ tó mọ́ gaara bíi dígí níwájú ẹyinjú. Ó fi àwòrán ẹ̀ hàn mí: iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ti ń rá bọ̀ láti etí, wọ ibi tí kò yẹ kí iṣan kankan dé.

Mo ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?" Ó ní rárá, àwọn tí a ò rí ló ń kọ òun lóminú. Iṣan tó ń gbé omi-ara (lymph) ni. Omi inú wọn ò pọ́n, torí náà ẹ̀rọ yẹn ò lè fi wọ́n hàn. Bí ojú bá wú, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ tó sáré débẹ̀ á tú èròjà VEGF-C jáde, iṣan omi-ara etí kọ́níà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀ka lọ síbẹ̀.

*

Ẹ kú ewu o. Èmi ń rí àwọn iṣan omi-ara yẹn lẹ́nu iṣẹ́. A máa ń rán òwú sí kọ́níà eku kó lè wú, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì a ó fi àwọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ LYVE-1, èròjà kan lára iṣan omi-ara, kùn ún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wò ó, mo ka ẹ̀ṣọ́ ara mọ́ iṣan, torí àwọn kan nínú wọn náà ń gba àwọ̀ yẹn (ọ̀gá mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí). Iṣan gidi gùn, ó fẹ̀, orí ẹ̀ dí bí orí ìka. Tí a bá tètè tú òwú, iṣan omi-ara máa ń pòórá ṣáájú iṣan ẹ̀jẹ̀.

*

Wọ́n pààrọ̀ kọ́níà fún èmi, ara mi kọ̀ ọ́. Ojú náà ti wú rí, iṣan sì ti wọ inú ẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Ọ̀nà yẹn ni sẹ́ẹ̀lì gbà gbé ìròyìn kọ́níà àlejò náà dé àwọn kókó ọrùn mi, níbi tí ẹ̀ṣọ́ ara ń kóra jọ sí. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀.

*

Pẹ̀lẹ́ o. Èmi tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ti padà sí gíláàsì.