Ṣé colchicine dára fún ọkàn bàbá mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kétu ní Benin ni a wà. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn bàbá mi dí lóṣù tó kọjá. Aspirin àti oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù ni wọ́n ń lò. Mo wá kà pé kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló ń dí iṣan: àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń gbèjà ara máa ń wọ ògiri iṣan, wọ́n á gbé ọ̀rá mì, ibẹ̀ á wú, bó bá ya, ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀. Ìwádìí COLCOT ti 2019 ní colchicine, oògùn oríkèé wíwú, 0.5 mg lójúmọ́, ń dín ewu ìṣòro ọkàn àti iṣan kù fún ẹni tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí.

Àmọ́ kíndìnrín bàbá ò lágbára, ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an. Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì, ṣé ó bójú mu fún wọn? Ẹ jọ̀ọ́, dókítà ọkàn wo la lè rí ní Àjàṣẹ́?