Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bá ẹgbẹ́ rìn lórí òkè nígbà òtútù, kí lojú yín ti rí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Sátidé tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ bá ẹgbẹ́ arìnrìn-òkè jáde fún ìgbà àkọ́kọ́, Mam Tor, òkè kan ní Peak District nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ní à ń lọ, wọ́n sì ti ní yìnyín lè já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín fún mi.

Ìyá Ìbejì:
Òkè Kinder Scout ló fojú mi rí màbo. Jánúárì ni, àwa mọ́kànlá la bọ́ọ́lẹ̀ nínú rélùwéè ní abúlé Edale, òjò winniwinni lásán ló ń rọ̀ nísàlẹ̀, à ń rẹ́rìn-ín, a gun àtẹ̀gùn òkúta tí wọ́n ń pè ní Jacob's Ladder, bá a ṣe yọ sókè báyìí ni atẹ́gùn gbá wa, òjò ti di yìnyín, kùrukùru bo gbogbo ẹ̀, mi ò rí ẹni tó wà níwájú mi mọ́ àfi àpò pupa tó gbé kọ́ ẹ̀yìn. Àǹtí kan wà láàárín wa tó wọ jíìnsì. Jíìnsì yẹn mumi títí ó fi gan bíi pákó. Mo bu tíì fún un nínú ìdérí fúláàsì, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, tíì ń dà sí i lórí ìbọ̀wọ́, kò tiẹ̀ mọ̀. Mo bi í ṣé kò sí wàhálà o, ó ní kò séwu, àmọ́ ahọ́n ẹ̀ ti ń lọ́ bíi ti ẹni tó mutí yó. Mo ní ká padà. Líídà ní ó ku díẹ̀ ká dé. Mo jókòó sórí òkúta, mo ní èmi ò lọ síbì kankan. Ìgbà yẹn la tó padà.

Bàbá Leeds:
"Ó ku díẹ̀ ká dé" yẹn! Òun ló fẹ́ẹ̀ pa èmi náà.

Akẹ́kọ̀ọ́:
Ẹ má bínú mà, ẹ̀bi líídà nìkan kọ́. Kí ló dé tí Àǹtí ò sọ̀rọ̀?

Ìyá Ìbejì:
Ìtìjú ni, ọmọ mi. Ó sọ fún mi nínú rélùwéè pé àwa méjì péré la jẹ́ adúláwọ̀, òun ò fẹ́ kí wọ́n ní àwa la bàrìn jẹ́. Omi bọ́ lójú mi.

Bàbá Leeds:
Ìtìjú kẹ̀? Lórí Kinder? April 1932 làwọn òṣìṣẹ́ kan gun òkè yẹn tipátipá torí àwọn olówó ò jẹ́ kí mẹ̀kúnnù rìn níbẹ̀, márùn-ún nínú wọn ṣẹ̀wọ̀n. Gbogbo wa la lòkè yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Jíìnsì ni mo fẹ́ wọ̀ o 😳

Ọ̀gá Máàpù:
Má dán an wò. Òwú tó bá ti tutù kì í tètè gbẹ, ṣe ló máa ń fa ooru kúrò lára. Wọ wúlù sínú, kí o wọ èyí tí omi ò lè gbà kọjá sórí. Mam Tor ò ga tó Kinder, mítà 517 sí 636, àmọ́ atẹ́gùn ibẹ̀ ò mojú ẹnì kankan. Mú tọ́ọ̀ṣì, torí ní December aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ń ṣú. Òtútù máa ń pa bátìrì fóònù, mú máàpù oníwèé. Mú fèrè náà, tí wàhálà bá dé, fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, sinmi ìṣẹ́jú kan, tún fọn ọ́n. 999 ni wàá pè, béèrè pólíìsì, kí o wá ní Mountain Rescue, àwọn tó ń dóòlà ẹni lórí òkè, lò ń fẹ́. Àwọn yẹn ò gbowó oṣù o, wọ́n kàn yọ̀ǹda ara wọn ni.

Ìyàwó Àkúrẹ́:
Òrí ńkọ́? Mo máa ń fi pa ojú àti etí.

Ọ̀gá Máàpù:
Òrí ò lè ṣiṣẹ́ fìlà.

Ìyàwó Àkúrẹ́:
Ta ló ní mi ò wọ fìlà sà? Ojú ni mo ní mò ń fi pa. Ètè mi ò bó rí látọdún tí mo ti ń rìn.

Akẹ́kọ̀ọ́:
Èmi náà ń lo òrí, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Bàbá Leeds:
Ẹ fi òrí sílẹ̀, oúnjẹ ńkọ́? Ẹ má gbé sáńwíìṣì tútù lọ. Mọ́ínmọ́ín gbígbóná nínú fúláàsì ẹlẹ́nu gbàgàdà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ ṣé gan-an. Ìyá Ìbejì, Àǹtí yẹn ṣì ń rìn?

Ìyá Ìbejì:
Ó wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti ra ṣòkòtò tí omi ò lè gbà kọjá, òun gan-an ló sì kọ́kọ́ ní "ẹ dúró, òtútù ń mú mi."