Ògiri pálọ̀ mi fẹ́ kọlà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì Àpákẹ́
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fẹ́ tún pálọ̀ wa ṣe kí ìdána ọmọ mi tó dé lóṣù Ọ̀pẹ. Ògiri tí tẹlifíṣọ̀n wà lára rẹ̀ ni mo fẹ́ fi pánẹ́ẹ̀lì onílà yẹn sí, èyí tó máa ń rí bíi pé wọ́n bu gọ̀ǹbọ́ fún ògiri. Ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, gíga rẹ̀ 10. Bí owó bá ṣẹ́kù, màá fi pákó onílà sí àjà pẹ̀lú. Àbúrò mi ní igi gidi ni kí n rà, ẹni tó ń tà á ní rọ́bà ló dáa, káfíńtà mi sì ń pariwo MDF. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ẹ̀hẹn, àbàwọ́n kan wà nísàlẹ̀ ògiri náà, ó ga tó orúnkún, ọ̀dà ibẹ̀ sì ń ṣí. Mo rò pé pánẹ́ẹ̀lì á bá mi bò ó.

Káfíńtà Ajílété
Màámi, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ kẹ́yìn yẹn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Kí ló wà lẹ́yìn ògiri náà?

Ìyá Ìbejì Àpákẹ́
Balùwẹ̀ ni o.

Káfíńtà Ajílété
Mo fura. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Omi ló ń wọ inú búlọ́ọ̀kù yẹn. MDF tí wọ́n ń pariwo rẹ̀, igi tí wọ́n lọ̀ kúnná ni, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bó bá mu omi, á wú bíi búrẹ́dì tó já sínú tíì, kò sì ní rọlẹ̀ mọ́. Igi gidi á pe ikán wá. Rọ́bà kì í jẹrà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ á máa bu, pálọ̀ á máa rùn, ẹ ò sì ní mọ ibi tí òórùn ti ń wá. Àti pé orí ọ̀dà tó ń ṣí ni ẹ fẹ́ lẹ nǹkan mọ́: tí ọ̀dà bá já, pánẹ́ẹ̀lì á bá a já.

Ẹ wá nǹkan kan ṣe. Ẹ gé ọ̀rá tó tóbi díẹ̀, ẹ fi téépù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ojú àbàwọ́n náà, kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ 2. Bí ìrì bá sẹ̀ sí inú ọ̀rá, níhà ògiri, ògiri ṣì tutù nìyẹn.

Olùkọ́ Arọ́jẹ̀
Ọ̀gá káfíńtà ti sọ̀rọ̀. Èmi á dáhùn èyí tí màmá béèrè. WPC ni mo lò, ìyẹ̀fun igi tí wọ́n pò mọ́ rọ́bà. Èyí tí mo rà gùn ní mítà 2.9, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 16. Ẹsẹ̀ bàtà 12 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 366, ẹ ó rí i pé 23 ló máa gbà. Ẹ ra 25, torí káfíńtà á gé ọ̀kan bàjẹ́, kò sí bó ṣe máa ṣe é.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nìyí: ògiri ẹsẹ̀ bàtà 10 ga ní sẹ̀ǹtímítà 305. Pánẹ́ẹ̀lì yẹn ò débẹ̀! Ìgbà tí wọ́n nà á dúró ni mo rí i pé sẹ̀ǹtímítà 15 ṣófo lókè. Ìyàwó mi wò mí, èmi náà wò ó. A yáa gbé gbogbo rẹ̀ sókè títí ó fi kan àjà, a wá fi pákó pẹrẹsẹ kan dí ìsàlẹ̀. Ó wá dáa ju bí mo ṣe fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ lọ, torí omi tí a fi ń nu ilẹ̀ kì í kan pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ sì tú páálí wọn wò níta kí ẹ tó sanwó, nínú oòrùn. Àwọ̀ páálí kan lè yàtọ̀ sí ti èkejì, bẹ́ẹ̀ orúkọ kan náà ni wọ́n kọ sí wọn lára.

Àǹtí Sábó
Ẹ má fi sí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin o! Aládùúgbò mi dán an wò, pálọ̀ ẹ̀ dà bí inú àpótí. Ògiri kan ti tó. Ìlà yẹn sì ń gba eruku, pàápàá tí ọyẹ́ bá dé. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ ni mo fi ń gbá tèmi láti òkè wá sílẹ̀, lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ẹ ní kí wọ́n dí ihò orí rẹ̀ pẹ̀lú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aáyán àti ọmọńlé á sọ ọ́ di ilé.

Ọmọ Akẹ̀sán
Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kí yín. Nípa àjà, igi ni tèmi o. Pákó onílà ló wà lájà pètẹ́ẹ̀sì bàbá bàbá mi, ó ti dúdú bí ìsáasùn, kò tíì sí èyí tó já. Etí pákó kan ní ahọ́n, etí ìkejì ní kòtò, ahọ́n á wọ kòtò. Ara ahọ́n ni wọ́n ń kan ìṣó mọ́, èyí tó bá tẹ̀ lé e á sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má rà á lójò kí ẹ kàn án lójò. Tí ọyẹ́ bá fẹ́, igi á sún kì, àjà yín á yọ èjí. Ẹ tò ó sínú yàrá náà gan-an fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ẹ kun tojú tẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e sókè. Kí wọ́n sì fi bí ààbọ̀ ínṣì sílẹ̀ létí ògiri, torí òjò ṣì ń bọ̀ tí á tún mú un wú.

Káfíńtà Ajílété
Òótọ́ ni bọ̀ọ̀dá Ọ̀yọ́ sọ. Ṣùgbọ́n igi wúwo, ó sì gbówó. Tó bá jẹ́ PVC, ìyẹn pánẹ́ẹ̀lì rọ́bà, lẹ máa fi sájà, kí igi tí wọ́n fẹ́ kàn án mọ́ má jìnnà síra ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ. Abẹ́ páànù gbóná lọ́sàn-án, rọ́bà á rọ̀, á sì máa rọ̀ kọ̀dọ̀rọ̀ láàárín. Gílóòbù LED ni kí ẹ lò níbẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń gbóná. Ilé yín ń kọ́? Tó bá jẹ́ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́ ló wà lájà, ẹ má jẹ́ kí ọmọọṣẹ́ kankan fi ayùn gé e tàbí kó fọ́ ọ gbígbẹ. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Nípa ti ògiri: tó bá tẹ́jú, gọ́ọ̀mù àti ìṣó wẹ́wẹ́ tó. Tó bá rí gbágun-gbàgun, bíi ti ilé alámọ̀ tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́, ẹ kọ́kọ́ kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn. Irin tó gbé tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ gba inú pánẹ́ẹ̀lì kọjá lọ mú búlọ́ọ̀kù. Mo ti rí tẹlifíṣọ̀n tó fa pánẹ́ẹ̀lì 3 já lálẹ́ ọjọ́ ìkómọ. Kí oníná sì fa sọ́kẹ́ẹ̀tì síwájú, kó má rì sínú.

Ìyá Ìbejì Àpákẹ́
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo lẹ ọ̀rá yẹn mọ́ ògiri, àárọ̀ òní ni mo ṣí i: omi ń ṣàn sílẹ̀ nínú rẹ̀! Oníṣẹ́ omi ti fọ́ ilẹ̀ balùwẹ̀, páìpù tó ń gbé omi ìwẹ̀ jáde ti yọ lẹ́nu ara wọn. Ó ní ògiri ò lè gbẹ kí oṣù Ọ̀pẹ tó dé. Mo ti gbà. Ògiri tó kọjú sí ẹnu-ọ̀nà ni màá fi pánẹ́ẹ̀lì sí, ibẹ̀ gbẹ gbáú, tẹlifíṣọ̀n á kó lọ síbẹ̀. Àjà ṣì di ọdún tó ń bọ̀. Ìbú ògiri ọ̀hún jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 9. Olùkọ́, mélòó ni?

Olùkọ́ Arọ́jẹ̀
18 ni, màmá. Ẹ ra 20.

Àǹtí Sábó
Ìwé ìpè ìdána dà o?