Katúùnù olùdíje àti ìbínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Èkìtì: ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe rí

Ayàwòrán, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Àwọn tí kò ya katúùnù rí máa ń rò pé ojú tá a yà ní ìyàkuyà ló ń bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nínú. Rárá o. Orí ńlá, imú pàlàbà, ikùn tó yọ síwájú, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí i, kódà àwọn ọmọ ẹ̀yìn olùdíje náà á gbé e sórí status wọn. Àmì ẹgbẹ́ ló ń dá ìjà sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ya agboòrùn tó fàya, gbogbo ẹni tó ń ṣe PDP ní wọ́ọ̀dù yẹn lẹ ti bú, títí kan ìyá arúgbó tó ti ń dìbò fún wọn láti 1999. Ìgbálẹ̀ tó ti tú, bákan náà ni lọ́dọ̀ APC. Ẹṣin funfun SDP tó ń tiro ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ya ọkùnrin kan ṣoṣo tó di ìwé ìlérí ìpolongo rẹ̀ mú, tí ikán ti jẹ ẹ́ dé àárín, òun nìkan lọ̀rọ̀ bá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ míì á tiẹ̀ gbà nínú yàrá wọn pé òótọ́ ni.

Orí fóònù ni wọ́n ti ń wò ó báyìí, kì í ṣe inú ìwé ìròyìn. Onígun mẹ́rin tó dọ́gba, píksẹ́lì 1080 sí 1080, ló dáa jù. WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀, ìlà tó bá tínrín á pòórá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìlà ojú nípọn. Èèyàn méjì ti tó nínú àwòrán kan. Kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ má ju nǹkan bí 15 lọ. Orúkọ yín àti déètì, ẹ má fi sí igun ìsàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gé e. Ẹ kọ ọ́ sára ohun tí wọn ò lè gé láìba iṣẹ́ náà jẹ́: etí agbádá, ẹsẹ̀ àga, ara àpò ìrẹsì. Bí wọ́n bá rí i gé, wọ́n á yọ ọ̀rọ̀ tiyín kúrò, wọ́n á fi tiwọn sí i, àwòrán tẹ́ ẹ fi ń béèrè owó oṣù olùkọ́ á wá di èyí tó ń bú ìyá olùdíje. Ọ̀pọ̀ ìjà tí wọ́n ń pè ní ìjà katúùnù, ìjà àkọlé tí ẹlòmíì lẹ̀ mọ́ ọn ni.

Ẹ sì wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó ya ohun tí olùdíje fúnra rẹ̀ ti gbà mọ́ra. Fayose, olùdíje gómìnà PDP, borí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 ní Èkìtì ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, 2014. Àwọn tí inú wọn ò dùn ní ìrẹsì ló fi ra ìbò, wọ́n ń pe oúnjẹ tí olóṣèlú ń pín bẹ́ẹ̀ ní «stomach infrastructure». Kí ni ọkùnrin náà ṣe? Ó yan olùrànlọ́wọ́ pàtàkì lórí stomach infrastructure! Ẹ̀fẹ̀ náà kú síbẹ̀. Àpò ìrẹsì tí wọ́n rò pé yóò ta á lára di ohun tí àwọn èèyàn rẹ̀ fi ń yangàn.

Ádímíìnì gúrúùpù ọmọ ìlú, Adó-Èkìtì

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́rẹ́ ti sọ ti ọwọ́ tó ń yà á. Ti ibi tó ń balẹ̀ sí ló kù. Níbí yìí, àwọn èèyàn kì í bínú sí àwòrán tó bí wọ́n ṣe ń bínú sí ẹni tó fi í ránṣẹ́. Gúrúùpù ọmọ ìlú, ti akẹ́kọ̀ọ́jáde, ti ṣọ́ọ̀ṣì, àna àti ọ̀gá iléèwé àtijọ́ àti ọmọ bàbá kan náà ló kún inú wọn. Àwòrán lè wà lórí Facebook fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni má wí nǹkan kan. Àmọ́ bí ọmọ káńsẹ́lọ̀ bá gbé e wá sáàárín ẹbí, ó ti di pé ilé wọn ló rán an.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe rèé. Ẹ má kàn pa á rẹ́ láìsọ̀rọ̀, torí WhatsApp máa ń fi hàn pé ádímíìnì ló pa á rẹ́, orúkọ yín á sì wà níbẹ̀ gàdàgbà. Kẹ́ ẹ tó mọ̀, wọ́n á ní ẹgbẹ́ báyìí ti rà yín. Ẹ kọ́kọ́ wo ọfà orí rẹ̀. Ọfà méjì, ó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, kò sì ṣeé fi ránṣẹ́ sí ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọfà kan, ó ṣì lè lọ sí ibi márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Tí kò bá sí ọfà rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó gbé e wá gan-an ló ṣe é tàbí kó ti tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù kó tó tún un gbé síta.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ àgbà: «Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Àwòrán tẹ́ ẹ gbé wá yẹn, àwọn kan ti yí àkọlé rẹ̀ padà. Ẹ dákun, ẹ bá wa yọ ọ́ sà.» Ọjọ́ méjì àti díẹ̀ ni WhatsApp fún un láti yọ ọ́ kúrò lójú gbogbo èèyàn. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, orí fóònù tiẹ̀ nìkan ló máa ti kúrò. Bàbá tẹ́ ẹ bá sì bá wí ní gbangba kò ní yọ ọ́ láéláé, á tún fi méjì sí i ni.

Tí èsì bá ti ń ya wọlé bí òjò, ẹ ti gúrúùpù kó jẹ́ ádímíìnì nìkan láá lè kọ̀wé, títí di àárọ̀, kẹ́ ẹ sì sọ aago tẹ́ ẹ máa ṣí i. Ádímíìnì méjì tí kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà ló ń mú èyí ṣiṣẹ́. Níbi tó bá ti jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, tó tún dé fìlà ẹgbẹ́ nínú fọ́tò tó wà lójú nọ́ńbà rẹ̀, títì yẹn gan-an á di ìpolongo.

Ọ̀dọ́ ẹgbẹ́, Ìjerò-Èkìtì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ fi èyí kún un: apá kan nínú ìbínú yẹn, iṣẹ́ ni. Ọmọ tó ń retí ipò lẹ́yìn ìdìbò gbọ́dọ̀ jà kí wọ́n rí i. Ẹ̀ẹ́ rí i tó kọ èsì gígùn, á ṣe screenshot rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí aṣáájú wọ́ọ̀dù. Ẹ má dá irú èsì bẹ́ẹ̀ lóhùn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, Ìsẹ̀-Èkìtì

«Ta ló sanwó fún un?» àti «kí ló dé tí kò ya ti ọ̀dọ̀ wọn?» ni ìbéèrè méjì tí kò tán láyé. Wọ́n ti pẹ́. Akinola Lasekan, ọmọ Yorùbá, ń yà fún West African Pilot, ìwé ìròyìn Azikiwe, ó ń fi Awolowo ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ wo irú ojú tí àwọn Action Group, ẹgbẹ́ Awolowo, á fi wò ó. Kò sí èsì tó tẹ́ oníbìínú lọ́rùn ju kí ayàwòrán ní fódà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí gbogbo ẹgbẹ́ wà pa pọ̀, pẹ̀lú déètì.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò kíyè sí: ìṣẹ̀lẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì kò tíì gbà sí ọ̀nà kan náà. Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n dìbò ní ọjọ́ 14 oṣù Keje, 2018, Fayose, tó jẹ́ gómìnà nígbà náà, jáde síwájú kámẹ́rà pẹ̀lú kọ́là tí wọ́n fi ń gbé ọrùn tó fara pa, wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́, ó ní àwọn ọlọ́pàá ló ṣe òun bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn tirẹ̀ rí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ, àwọn alátakò rí eléré orí ìtàgé. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè ya kọ́là yẹn tí apá kan ò ní gbaná jẹ. Ohun tí àwọn méjèèjì gbà pé ó ṣẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ yà: èrò, ọlọ́pàá, tajútajú, kámẹ́rà.

Ìkejì ni ti Gúúsù Èkìtì. Láti 1999, Adebayo wá láti Ìyìn, Fayose láti Àfàò, Oni láti Ìfàkì, Fayemi láti Ìsan, Oyebanji láti Ìkọ̀gòsì. Nínú àwọn gómìnà tí a dìbò yàn, kò sí ti Gúúsù níbẹ̀. Ẹni tó bá ya Gúúsù bí alágbe tó nawọ́, gbogbo ẹgbẹ́ tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti Ọmùò ló máa pawọ́ pọ̀ bá a jà. Ẹni tó jókòó sórí àga tí kò fẹ́ dìde ni kẹ́ ẹ yà, ẹ fi ẹni tó dúró sílẹ̀.

Adé ńkọ́? Ẹ má fi kan ọ̀rọ̀ olùdíje. Àmọ́ Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, fi bí wọ́n ṣe ń fi alágbára ṣẹ̀fẹ̀ láìtàbùkù adé hàn lára ìlẹ̀kùn tó gbẹ́ sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ògògà jókòó sórí ìtẹ́, adé wà lórí. Captain Ambrose, aṣojú ìjọba òyìnbó, ni wọ́n gbé wá, ó há mọ́ inú ohun tí wọ́n fi gbé e. Òyìnbó kò rí èébú kankan níbẹ̀, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ Wembley ní 1924, ó sì wà ní British Museum títí dòní. Ẹni tó bá wò ó, á mọ ẹni tó nilé.

Agbẹjọ́rò, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Tèmi ò gùn. Òfin Ìdìbò kọ èdè èébú àti àbùkù tó lè dá ìjà sílẹ̀ nínú ìpolongo. Bí ilé ìpolongo bá gba katúùnù yín lò, ọ̀rọ̀ ti kan wọn. Èyí tí wọ́n máa ń fi dẹ́rù ba ayàwòrán ni abala 24 nínú òfin ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015: owó ìtanràn tó lè tó ₦7,000,000, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí méjèèjì. Wọn kì í sọ fún yín pé wọ́n ti tún abala yẹn ṣe ní 2024. Yàtọ̀ sí ti àwòrán ìhòòhò, irọ́ tí ẹni tó fi í ránṣẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì lè da ìlú rú tàbí wu ẹ̀mí léwu, ló kù níbẹ̀. Pé inú ẹnì kan ò dùn kò tó mọ́.

Nítorí náà, ohun tó léwu fún ayàwòrán ni kó fi ọ̀rọ̀ tí olùdíje kò sọ sí i lẹ́nu, kó wá gbé e kalẹ̀ bí ìròyìn, tàbí kó lo AI ṣe fọ́tò tí kò jọ katúùnù. Ẹ kọ «ẹ̀fẹ̀» sínú àwòrán fúnra rẹ̀. Ìpolongo sì gbọ́dọ̀ parí ní wákàtí 24 kí ọjọ́ ìdìbò tó pé, torí náà èyí tẹ́ ẹ bá yà ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ pa á mọ́ títí INEC á fi kéde èsì. Ẹ fi fáìlì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí email ara yín kẹ́ ẹ tó gbé àwòrán kankan síta, torí ẹ̀dà tí wọ́n ti yí ló máa ń kọ́kọ́ dé àgọ́ ọlọ́pàá.