Ṣé Jimny lè fa ọkọ̀ ojú omi?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, Suzuki Jimny tuntun ni mò ń wà, mo wá ra ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, òun àti tírélà ẹ̀ tó 700 kílò, ṣé á fà á?

— Ṣé tírélà yẹn ní búréèkì tiẹ̀? Tó bá ní, Jimny lè fa 1,300 kílò, tí ò bá ní, 350 péré ni o. Ẹ ṣírò ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi yẹn àtepo ẹ̀ mọ́ ìwọ̀n ẹrù náà.

— Fífà kọ́ nìṣòro jàre, dídúró ni. Jimny kúrú, ó sì fúyẹ́, tí tírélà bá ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún ẹ má tẹ búréèkì lójijì, ẹ rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù.

— Háà, kò ní búréèkì o!

— Ẹ má tíì gbé e jáde nìyẹn.