"Amóhùnmáwòrán" kò tó fún "audiovisual": èrò mi lórí Gẹ̀ẹ́sì iṣẹ́ ìròyìn

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nídìí èdè, mo kí yín o.

Ìbéèrè àbúrò wa obìnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn ni mo fẹ́ dáhùn. Ó ní wọ́n ń kọ́ àwọn ní ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ "English for Journalism and Audiovisual Media Studies", ó sì béèrè ohun méjì. Kí ni ká máa pe ẹ̀kọ́ náà ní Yorùbá? Ṣé kí òun máa wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ inú rẹ̀ kí òun tó há wọn sórí, àbí kí òun gbà wọ́n bí wọ́n ṣe wà? Ẹ̀gbọ́n wa kan dáhùn pé "Gẹ̀ẹ́sì Oníròyìn àti Amóhùnmáwòrán" ti parí ọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn ní ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú, pé Gẹ̀ẹ́sì tí èèyàn ń kọ́ kò nílò orúkọ Yorùbá. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ pé mi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ "amóhùnmáwòrán" wò. Ohun tó mú ohùn, tó sì mú àwòrán. Tí a bá tú "audiovisual" palẹ̀, ohun kan náà la máa bá nínú rẹ̀: "audio" lédè Látìn ni "mo gbọ́", "visual" sì wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó jẹ mọ́ rírí. Nítorí náà, ní ti ìhun ọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n wa kò ṣì í. Ìlò ni kò jẹ́ kó ṣeé gbà. Amóhùnmáwòrán ti di orúkọ tẹlifíṣọ̀n, ó ti jókòó síbẹ̀, kò sì ní dìde. Ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀kọ́ amóhùnmáwòrán lẹ ń kọ́, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi yín ni ìgbà tí òun yóò máa rí yín nídìí ìròyìn alẹ́. Bẹ́ẹ̀, ohun tó wà nínú ẹ̀kọ́ yẹn ju tẹlifíṣọ̀n lọ dáadáa. Fíìmù wà níbẹ̀, rédíò wà níbẹ̀, pọ́díkáàsì àti fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ àwòrán àti ohùn èdè kan tí wọ́n fi ń bo ohùn èdè mìíràn.

Ẹ tún wo "asọ̀rọ̀mágbèsì". Àwọn tó sọ rédíò lórúkọ yẹn rí ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Lónìí olùgbọ́ ń pe ètò lórí fóònù, atọ́kùn ń dá a lóhùn, àwọn méjèèjì á máa jiyàn lórí afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ náà ti ń gba èsì, orúkọ rẹ̀ kò yí padà, kò sì sí ẹni tó ṣì í gbọ́. Ohun tí mo rí kọ́ nínú èyí ni pé tí ìlò bá ti mú ọ̀rọ̀ kan lọ, ìhun rẹ̀ kò lè fà á padà mọ́. A ò lè torí pé ìhun amóhùnmáwòrán bá "audiovisual" mu ká wá gbà á lọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Ohun tí mo dábàá ni "iṣẹ́ ohùn òun àwòrán". Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní àpólà nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni. Àpólà tí kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà tẹ́ mi lọ́rùn ju ọ̀rọ̀ kan tí a óò máa tún ṣàlàyé lójoojúmọ́. Ní ti "Gẹ̀ẹ́sì Oníròyìn", ó dún bí ẹni pé àwọn oníròyìn ní Gẹ̀ẹ́sì ìdílé tiwọn. Iṣẹ́ ló yí èdè náà padà, kì í ṣe ènìyàn. Àwọn olùkọ́ èdè ń pe irú ẹ̀kọ́ yìí ní ESP, ìyẹn "English for Specific Purposes", ohun tí èèyàn fẹ́ fi èdè ṣe ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Nítorí náà, "Gẹ̀ẹ́sì fún iṣẹ́ ìròyìn àti iṣẹ́ ohùn òun àwòrán" ni mo fara mọ́. Ó gùn, àmọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì náà kò kúrú. "Media" ni mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ sílẹ̀. Àárín ni "medium" túmọ̀ sí níbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì tìtorí ìyẹn kọ "alárinà" yóò mú kí òǹkàwé máa ronú ẹni tó ń bá wọn parí ìjà. Ọ̀rọ̀ náà "iṣẹ́" ti gbé ẹrù yẹn.

Ìbéèrè kejì ló ká mi lára jù. Àbúrò mi, wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún wọn. Àmọ́ má ṣe wá a nínú àwòrán tó wà nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wá a nínú iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe. Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn gan-an, ibòmíràn ni wọ́n ti ṣí wá. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni "broadcast" kí rédíò tó gbà á: kí èèyàn bu irúgbìn sọ́wọ́ kó máa fọ́n ọn káàkiri oko. Àwọn tó wá "ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́" fún wa kò wo oko rárá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú wọn ni wọ́n wò: wọ́n ń gbé ohùn sí afẹ́fẹ́. Ká ní wọ́n tẹ̀ lé irúgbìn ni, "ìfọ́nká" là bá máa pe ètò rédíò. Bákan náà ni "anchor", ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi ni. Kò sí ẹni tó ń pe ẹni tó ń darí ètò ní ìdákọ̀ró. "Atọ́kùn" la ń pè é, ọ̀rọ̀ tó ti wà tipẹ́ fún ẹni tó ń ṣíwájú tó ń tọ́ ẹlòmíràn sọ́nà, ó sì bá iṣẹ́ náà mu ju ìdákọ̀ró lọ. "Cut" ńkọ́? Wọ́n ń fi abẹ gé fíìmù ní ti gidi láyé ìgbà kan, wọ́n á wá lẹ̀ ẹ́ pọ̀. "Dub", ìyẹn kí wọ́n fi ohùn èdè kan bo ohùn èdè mìíràn, jẹ́ gígékúrú "double". Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ìtàn wọ̀nyí kò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ kò pọn dandan kó gbé ìtàn yẹn wọ Yorùbá.

Ibi tó ti le ni ọ̀rọ̀ tó ní ìdájọ́ nínú. Mo ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní irú Gẹ̀ẹ́sì yìí, mo sì fún wọn ní gbólóhùn kan lọ́jọ́ kan pé kí wọ́n gbé e sí Yorùbá: "Police arrested a man who allegedly stole a car." Ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ báyìí: "Ọlọ́pàá mú ọkùnrin kan tó jí ọkọ̀." "Allegedly" ti já sọ́nà, ọkùnrin yẹn sì ti di olè kí ó tó dé ilé ẹjọ́. Ẹnì kejì kọ ọ́ pé "wọ́n ní ó jí ọkọ̀". Ó sàn, àmọ́ ta ni "wọ́n"? Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu èrò ọ̀nà, "wọ́n ní" náà la fi ń sọ ọ́. Ẹnì kẹta kọ ọ́ pé "ọkùnrin kan tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó jí ọkọ̀". Òun ló rí i. Ẹ kíyè sí ohun tó ṣe: ọ̀rọ̀ kan péré ni "allegedly" ní Gẹ̀ẹ́sì, ó lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan, ní Yorùbá ó di odindi ìṣe tó ní ẹni tó ṣe é. Ọmọ yẹn kò wá ọ̀rọ̀ kan dípò ọ̀rọ̀ kan. Ó béèrè pé, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Ẹ̀sùn ló ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, "allegedly" kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ, nítorí ó ti mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó wà nínú kí ó bọ́.

Irú ìrànlọ́wọ́ yẹn ni Yorùbá máa ń ṣe fún ẹni tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì iṣẹ́ ìròyìn, òun ni mi ò ṣe lè gbà pé ká pa á tì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé àṣà kíkọ tó dára ni kí "said" máa di "admitted" níhìn-ín, kó di "revealed" lọ́hùn-ún, kí ọ̀rọ̀ kan má baà pọ̀ jù. Ẹ bi wọ́n ní Yorùbá: ẹni tó kàn sọ̀rọ̀, ṣé ẹ lè kọ ọ́ pé ó jẹ́wọ́? Wọ́n á dákẹ́. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ṣe ohun burúkú ló ń jẹ́wọ́, àti pé ohun tó pamọ́ ni wọ́n ń tú síta. Ìwọ̀n tí "jẹ́wọ́" ní náà ni "admitted" ní. Bẹ́ẹ̀ ni "deny" àti "refute": ẹni tó sẹ́ ọ̀rọ̀ kò tíì fi ẹ̀rí hàn pé irọ́ ni. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń da méjèèjì pọ̀, àmọ́ oníròyìn tó bá kọ "refuted" ti sọ pé ẹni yẹn jàre.

"Off the record" náà ń fẹ́ sùúrù. Mo ti rí i tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí "ọ̀rọ̀ àṣírí". Kò tó, nítorí ó ní àbúrò kan tó ń jẹ́ "on background", ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì sì lè ba iṣẹ́ èèyàn jẹ́. Èyí àkọ́kọ́ ni "má gbé e jáde", ìkejì ni "gbé e jáde, má dárúkọ mi". Mi ò mọ orúkọ tó lè ṣe é ju àṣẹ kúkúrú méjì yẹn lọ. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ ìwé ọ̀rọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bí mo ṣe máa kọ wọ́n sílẹ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́.

Àkọlé ìròyìn kò ní gbà wá lákòókò. Gẹ̀ẹ́sì á kọ "Fire kills three" nígbà tí iná ti jó kúrò nílẹ̀. Yorùbá á ní "Iná pa ènìyàn mẹ́ta", kò yọ wá lẹ́nu, nítorí àsìkò afànámónìí tiwa ti kó àná àti òní pọ̀. "Minister to resign" ló ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́: wọ́n á kọ "Mínísítà láti fipò sílẹ̀". "Yóò" ni "to" yẹn, kì í ṣe "láti".

Ní ti ohun èlò, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Kámẹ́rà, máìkì, fídíò, pọ́díkáàsì: ọwọ́ ń mú wọn, ẹnu ti mọ́ wọn. Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀rọ̀ wa máa wọ ibi tó há. Nínú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán, ìlà 2 ni wọ́n sábà ń gbà láàyè. Netflix gba nǹkan bí àmì 42, lẹ́tà àti àlàfo lápapọ̀, lórí ìlà kan fún ọ̀pọ̀ èdè tó ń lo álífábẹ́ẹ̀tì Látìn. "Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán" ti gba lẹ́tà 16 kí gbólóhùn tó rí ọ̀rọ̀-ìṣe, "tẹlifíṣọ̀n" gba 9. Lórí rédíò, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 3 ni àwọn tó ń kọ ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣírò fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ 90 fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Orúkọ tó dùn létí nínú ìjíròrò lè pọ̀ jù lẹ́nu akàròyìn.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, nítorí kò jẹ́ kí n sinmi. "Suspect" ni àwọn oníròyìn wa ń pè ní "afurasí", mo sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà: ó kúrú, ó ya ẹni tí wọ́n ń fura sí sọ́tọ̀ kúrò lára "olùjẹ́jọ́" tó ti dé iwájú adájọ́. Àmọ́ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "a-" olóhùn àárín, ẹni tó ń ṣe nǹkan ló máa ń fún wa: akọ̀wé, apẹja, adájọ́. Bí a bá tẹ̀ lé e, ẹni tó ń fura ni afurasí, ìyẹn ọlọ́pàá fúnra rẹ̀! "À-" olóhùn ìsàlẹ̀ ló máa ń fún wa ní ẹni tàbí ohun tí a ṣe nǹkan sí: àyànfẹ́, àkọsílẹ̀, àṣàyàn. Nípa bẹ́ẹ̀, "àfurasí" ló yẹ kó jẹ́. Mo ti sọ lókè pé ìlò ló ń borí ìhun, mi ò sì fẹ́ pa ohùn dà. Tó bá jẹ́ ohùn àárín ló ti mọ́ gbogbo wa lẹ́nu, mo gbà. Àmọ́ ohun tó wà nínú ìwé kò dá mi lójú nínú ọ̀ràn yìí, torí ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ náà ni kò ní àmì ohùn rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìròyìn sórí afẹ́fẹ́ nínú wa, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń pè é? Ṣé ohùn ìsàlẹ̀ ni ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni, àbí ohùn àárín?