Wọ́n ní àwọn ò lè fún mi ní káàdì kírẹ́díìtì: ẹ̀yin ọmọ Ìkòròdú, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Sábó, Houston
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ìkòròdú níbi gbogbo tí ẹ wà. Ọ̀rọ̀ kan ń bí mi nínú. Mo kọ̀wé béèrè káàdì kírẹ́díìtì, èyí tí ènìyàn fi ń rajà láwìn, ní báǹkì tí wọ́n ń san owó oṣù mi sí, wọ́n ní àwọn ò lè fún mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, owó ń wọlé, mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Àjọ tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ń dá, owó tèmi kò pẹ́ rí. Owó wà nínú àkáǹtì mi lọ́dọ̀ wọn, ojú wọn ló wà. Kí ni wọ́n tún ń wá? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ gbìyànjú báǹkì mìíràn lálẹ́ yìí.

Ẹ̀gbọ́n Maryland
Àbúrò, jọ̀ọ́, má gbìyànjú ibì kankan lálẹ́ yìí. Ṣé wọ́n ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọ? Ẹ̀ka tó ń yẹ irú fọ́ọ̀mù yìí wò ni mo ti ṣiṣẹ́ rí, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka lẹ́tà yẹn. Wọ́n á rí i pé wọ́n kọ̀, wọ́n á pa á rẹ́. Bẹ́ẹ̀ òfin ló mú kí báǹkì kọ lẹ́tà náà. Òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Equal Credit Opportunity Act, ti ọdún 1974, ni. Láàárín 30 ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù rẹ bá ti pé lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ fún ọ lésì. Tí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ gan-an, tàbí kí wọ́n jẹ́ kí o mọ̀ pé o lè béèrè ìdí náà láàárín 60 ọjọ́.

Ọmọ Sábó, Houston
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ó ti wà nínú ímeèlì mi láti àná, mi ò ṣí i ni. Ìdí mẹ́ta ni wọ́n kọ. Èkíní, àkọsílẹ̀ kírẹ́díìtì mi kò tíì pẹ́ tó. Èkejì, ibi tí mo ti béèrè gbèsè láìpẹ́ yìí ti pọ̀ jù. Ẹ̀kẹta, àwọn ò lè fìdí àdírẹ́sì mi múlẹ̀. Wọ́n tún kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ kan sísàlẹ̀ àti nọ́ńbà kan tí mi ò mọ ohun tó jẹ́.

Bàbá Èbúté (nílé)
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ilé ni mo wà o, nítòsí Èbúté níbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí mi. Ìyá mi ta aṣọ ní ọjà Sábó. Tí ẹnìkan bá fẹ́ gba aṣọ láwìn, màámi kì í bi í pé èló ló wà lápò rẹ̀. Ọmọ ni wọ́n máa ń rán sí ìsọ̀ ìyá oníwóróbo: "Ṣé ó máa ń san? Ṣé ó tètè ń san?" Tí ìyá oníwóróbo bá ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, aṣọ kò ní kúrò lórí igbá, bó ti wù kí ẹni náà wọṣọ tó dára tó. Ó jọ pé ohun tí wọ́n ṣe fún ọ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Maryland
Bàbá, ẹ ti sọ ọ́ pé. Ìyá oníwóróbo tí wọ́n ń rán ọmọ lọ bá nílùú yìí mẹ́ta ni: Equifax, Experian àti TransUnion, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kọ gbèsè ènìyàn sílẹ̀. Orúkọ ọ̀kan nínú wọn ló wà nísàlẹ̀ lẹ́tà àbúrò yìí. Nọ́ńbà yẹn sì ni máàkì tí wọ́n rí fún un. Máàkì FICO (FICO ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe ìṣirò rẹ̀) bẹ̀rẹ̀ láti 300, ó parí sí 850.

Ọmọ Sábó, gbọ́ èyí dáadáa, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ rẹ wà. Owó oṣù rẹ kò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Owó tó wà nínú àkáǹtì rẹ kò sí níbẹ̀. Àjọ tí o ń dá, owó tí o ń fi ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, káàdì ATM tí o fi ń rajà, kò sí ọ̀kan níbẹ̀. Owó ilé pàápàá, àfi tí onílé rẹ bá ń fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ kì í sì í ṣe é. Báǹkì máa ń bi ọ́ ní iye tó ń wọlé fún ọ nínú fọ́ọ̀mù, wọ́n á wò ó lọ́tọ̀. Gbèsè tí o gbà àti bí o ṣe san án nìkan ni ilé-iṣẹ́ mẹ́ta yìí mọ̀. Nítorí náà ẹni tí kò jẹ gbèsè rí, wọn kò mọ̀ ọ́n. Òun lo fi ń yangàn yẹn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. Nínú 100, bí o ṣe ń san gbèsè lásìkò kó 35. Iye tí o jẹ, pàápàá bó ṣe pọ̀ tó sí iye tí wọ́n gbà ọ́ láàyè láti ná, kó 30. Bó ti pẹ́ tó tí o ti ní àkáǹtì gbèsè kó 15. Gbèsè tuntun kó 10, oríṣi gbèsè tí o ní kó 10 tó kù. FICO kò tilẹ̀ lè fún ọ ní máàkì kankan àfi tí o bá ní ó kéré tán àkáǹtì gbèsè kan tó ti pé oṣù mẹ́fà.

Ìdí kejì ló mú mi ní kí o má lọ síbòmíràn lálẹ́ yìí. Gbogbo ìgbà tí o bá kọ̀wé béèrè gbèsè, tí báǹkì sì lọ wo àkọsílẹ̀ rẹ, ìbéèrè náà máa ń hàn níbẹ̀ fún ọdún méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti oṣù 12 tó kọjá ni FICO ń kà. Ẹni tó ní àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá, ẹyọ kan kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìwọ tí àkọsílẹ̀ rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, tí o bá kan ilẹ̀kùn báǹkì márùn-ún ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á rò pé owó ti há ọ ni.

Ọmọ Odògúnyàn, Toronto
Ní Kánádà níbí, méjì ni wọ́n, Equifax àti TransUnion, máàkì wa sì lọ dé 900. Ìyókù bákan náà ni. Ọmọ Sábó, ṣé orúkọ rẹ bára mu nínú gbogbo ìwé rẹ? Ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ gún wa lẹ́sẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí, nítorí ojú mi rí nǹkan lórí ẹ̀. Àwọn ọmọ mi, Táíwò àti Kẹ́hìndé, ọjọ́ kan náà la bí wọn, inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, orúkọ bàbá kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Nínú ìwé ìrìnnà wọn, Olúwaṣeun àti Olúwaṣeyí ló ṣíwájú. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: O àti O, lẹ́tà méje àkọ́kọ́ bára mu. Gbèsè fóònù tí Táíwò pẹ́ san ló wọ inú àkọsílẹ̀ Kẹ́hìndé. Kẹ́hìndé béèrè káàdì, wọ́n kọ̀ ọ́. Ọmọ tí kò jẹ gbèsè kankan! Ó ní àbúrò òun ti tún kó bá òun (ẹ mọ̀ pé Kẹ́hìndé gbàgbọ́ pé òun ni ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀).

Ohun tí a ṣe ni pé a béèrè àkọsílẹ̀ àwọn méjèèjì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, ọ̀fẹ́ ni, a sì kọ̀wé pé gbèsè yìí kì í ṣe ti ọmọ yìí, a fi ẹ̀dà ìwé ìrìnnà àwọn méjèèjì há a. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní ọjọ́ 28 láti fún ọ lésì. Tí wọn ò bá gbà, o lè kọ àlàyé tìrẹ tí kò ju ọ̀rọ̀ 200 lọ, wọ́n á sì fi sínú àkọsílẹ̀ náà kí gbogbo ẹni tó bá wò ó lè kà á. Tiwa kò dé ibẹ̀, wọ́n yọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí pẹ̀lú mi, ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò mọ̀. Nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, tí o bá ní ìwé ìgbélùú tó tọ́, o lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbí, o kò ní láti di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí o tó ṣe é. Orúkọ àti àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé olùdìbò yẹn ni báǹkì fi ń mọ̀ pé lóòótọ́ lo ń gbé níbi tí o sọ. Mi ò bá yín sọ̀rọ̀ òṣèlú o, bí ẹ ò bá fẹ́ dìbò, ẹ jókòó sílé lọ́jọ́ ìbò. Ẹ ṣáà forúkọ sílẹ̀. Ẹ tún máa lo ìwádìí tó ń sọ bóyá wọ́n lè gbà yín kí ẹ tó kọ̀wé gan-an. Èyí kì í hàn sí báǹkì mìíràn.

Ọmọ Sábó, Houston
Ẹ ṣé gan-an, màámi. Ẹ̀gbọ́n Odògúnyàn, ẹ gbá a mú. Káàdì Social Security mi, tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà fún mi wà lórí rẹ̀, ní orúkọ mẹ́ta, báǹkì kọ méjì. Àdírẹ́sì níbi iṣẹ́ kò ní nọ́ńbà yàrá, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ilé ni.

Ẹ̀gbọ́n Maryland
Ìdí kẹta nìyẹn. Ó sì rọrùn láti tún ṣe ju àwọn méjì yòókù lọ. Lọ sí AnnualCreditReport.com, ibẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n ti fún ọ ní àkọsílẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́fẹ̀ẹ́. O lè gbà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Má lọ sí ibòmíràn tó bá ń béèrè nọ́ńbà káàdì rẹ. Ka orúkọ, àdírẹ́sì, gbogbo àkáǹtì tó wà níbẹ̀. Tí ohun tí kì í ṣe tìrẹ bá wà níbẹ̀, kọ̀wé takò ó. Láàárín 30 ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń parí ìwádìí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, pe báǹkì náà. Nọ́ńbà wà lórí lẹ́tà. Ní kí wọ́n jẹ́ kí ènìyàn, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, tún fọ́ọ̀mù rẹ wò. Sọ pé àdírẹ́sì lo ti tún ṣe. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń so èso, ṣùgbọ́n ẹni tí àdírẹ́sì tàbí orúkọ bá ṣe àkóbá fún, mo ti rí i kí wọ́n yí ìpinnu padà fún un. Ó tún máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti àkọsílẹ̀ rẹ̀ pa nítorí àwọn olè, tó sì gbàgbé láti ṣí i kí ó tó kọ̀wé.

Kí o sì mọ̀ pé òfin kò gbà kí wọ́n kọ̀ ọ́ nítorí orílẹ̀-èdè tí o ti wá, àwọ̀ rẹ tàbí ẹ̀sìn rẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n lè wo bí ìwé ìgbélùú rẹ ṣe rí.

Ọmọ Ìgbógbo, Dallas
Gbogbo wàhálà yìí ṣe pọ̀ tó báyìí? Mo mọ ọkùnrin kan tó ń ta nọ́ńbà tuntun tí ènìyàn lè fi rọ́pò Social Security nínú fọ́ọ̀mù. Àkọsílẹ̀ tuntun, kò sí àbààwọ́n kankan lára rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Maryland
Ọmọ Ìgbógbo, nítorí Ọlọ́run, má sọ irú ìyẹn mọ́ níbí. CPN ni wọ́n ń pè é. Ìjọba kò fún ẹnikẹ́ni ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, nọ́ńbà ọmọdé tàbí ti òkú ni wọ́n jí. Tí o bá fi sínú fọ́ọ̀mù báǹkì, o ti parọ́ fún báǹkì, ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ yìí, ìwé ìgbélùú rẹ̀ lè bá a lọ. Àwọn tó tún ń gba owó ṣáájú pé àwọn á fọ kírẹ́díìtì yín mọ́, òfin kò gbà kí wọ́n gba kọ́bọ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́.

Bàbá Èbúté (nílé)
Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ yá owó lórí fóònù nílé kí ẹ tó wọ bààlúù ńkọ́? Wọ́n ń pe àwọn ẹbí yín níbí o. Àwa náà ti ní ilé-iṣẹ́ tó ń kọ gbèsè sílẹ̀ báyìí, BVN yín sì ni wọ́n fi ń dá yín mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Maryland
Òótọ́ ni, Bàbá. Gbèsè ilé kì í sábà hàn níbí, bẹ́ẹ̀ ni ìwà rere tí ènìyàn hù nílé kì í hàn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n san án. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé lọ́jọ́ kan, tó fẹ́ yáwó ní báǹkì nílé, yóò bá a níwájú.

Ọmọ Sábó, Houston
Mo ti gba àkọsílẹ̀ náà, nọ́ńbà yàrá kò sí lóòótọ́. Màá pè wọ́n ní ọ̀la. Tí wọ́n bá tún kọ̀, kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Maryland
Gba secured card. Wàá fi owó sílẹ̀, bíi $200, iye yẹn náà ni wọ́n sábà máa ń jẹ́ kí o ná. Béèrè bóyá wọ́n ń fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí wọn kò bá ṣe é, kò wúlò. Fi ra epo mọ́tò nìkan. Nínú $200, tí o bá ná $180, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ti ná 90 nínú 100, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o san gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ. Ìdí ni pé iye tó wà lórí káàdì lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe ìwé oṣù ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, ọjọ́ yẹn sì ṣáájú ọjọ́ ìsanwó. Torí náà san púpọ̀ nínú rẹ̀ kí ìwé oṣù tó jáde, má jẹ́ kí ó ju $60 lọ.

Ọmọ Odògúnyàn, Toronto
Tàbí kí ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tó wà ní Atlanta fi orúkọ rẹ kún káàdì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tí òun bá pẹ́ san, ìwọ náà yóò jìyà rẹ̀ o.

Ọmọ Sábó, Houston
Ẹ̀gbọ́n mi yẹn? Èmi ni mo máa ń rán an létí owó iná. Secured card náà ni. $200 tí mo bá fi sílẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n á dá a padà?

Ẹ̀gbọ́n Maryland
Wọ́n á dá a padà tí o bá ti káàdì náà pa láìjẹ gbèsè lórí rẹ̀, tàbí tí wọ́n bá sọ ọ́ di káàdì gidi. Fi orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú fọ́ọ̀mù.